Òṣùwọ̀n Ọmọ Iná-Igún: Ta Ni Kí Á Fi Wọ̀n?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ìkọ̀kọ̀ tó sì mọ gbangba. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: "Kò tó nǹkan." Ẹni tó wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdánwò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wò, kò tó nǹkan. Ẹni tí ẹgbẹ́ rán lọ sọ́jà tó fi ṣéńjì sápò, owó ọkọ̀ lásán ni. Kò tó nǹkan. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ arábìnrin rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn, àwàdà ló fi ṣe. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ṣe irú rẹ̀ sí wa, kíá ni yóò tó nǹkan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí nìyí: ohun tó kéré débi pé ojú kò rí i, ṣé ohun tí kò sí ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ó yẹ kí á fi òṣùwọ̀n ohun kíkéré bẹ́ẹ̀ wọ̀n, ṣé ara wa ni, àbí ẹlòmíràn?

Súrà Zalzalah kọ́ wa pé ní ọjọ́ ìṣirò, kò sí iṣẹ́ rere tàbí iṣẹ́ aburú tí ọmọ ènìyàn ṣe tí kò ní í fojú ara rẹ̀ rí, ìbáà kéré tó dharrah. Àwọn tó túmọ̀ Al-Kùráánì sí Yorùbá pè é ní ọmọ iná-igún. Nínú àwọn onítáfúsírì àtijọ́, àwọn kan ní èèrà tó kéré jùlọ ni; àwọn mìíràn ní eruku wíńníwínní tí à ń rí nígbà tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé ni. Ní èdè Lárúbáwá òde òní, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe átọ́ọ̀mù. N kò sọ pé ẹ̀kọ́ físíìsì ni Súrà náà wá kọ́ wa o. Ìkìlọ̀ ló wá ṣe, kò sì yẹ kí á fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà láyé lónìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti ka ìfọ́ átọ́ọ̀mù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń là kọjá kí wọ́n tó rí i kà kún fún àríkọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1896 ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Henri Becquerel, ṣàkíyèsí pé àwọn ohun kan ń tú ìtànṣán jáde láti inú ara wọn láìsí iná, láìsí oòrùn. Àwọn átọ́ọ̀mù inú wọn ló ń fọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n náà: bí átọ́ọ̀mù kan bá fọ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, becquerel kan nìyẹn. Kì í ṣe inú bọ́ǹbù nìkan ni èyí wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bí 15 nínú. Ara àgbàlagbà tó wọn kílò 70 ní ju 4,000 lọ, nítorí èròjà pọtásíọ̀mù tó wà nínú ẹran ara wa. Báwo wá ni ènìyàn ṣe fẹ́ wọn ohun tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò fọ́ ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé ara ẹni tó ń wọ̀n ọ́n gan-an ń pariwo jù ú lọ?

Ní Ítálì, lábẹ́ òkè ńlá Gran Sasso, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ọkọ̀ ń gbà láàrin L'Aquila àti Teramo, wọ́n kọ́ yàrá ìwádìí kan síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Òkúta tó wà lórí rẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,400 mítà. Ìtànṣán ń já bọ́ láti òfurufú láìdáwọ́ dúró. Bí a ti jókòó yìí, nǹkan bí ẹyọ kan ń gba àtẹ́lẹwọ́ wa kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òkè yẹn, nínú mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ẹyọ kan ló ń kù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèrà kì í jókòó ti onílù.

Síbẹ̀, òkè nìkan kò tó. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi òjé yí ẹ̀rọ náà ká, òjé náà sì ní ìtànṣán tirẹ̀ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Ìtànṣán yìí máa ń dín sí ìdajì ní ọdún méjìlélógún méjìlélógún. Ní ọdún 1988, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Róòmù kan tó ti rì ní etíkun Sardinia láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, òjé ló sì kó. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé 120 nínú àwọn ìṣù òjé náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 33, lọ sí Gran Sasso, nítorí òjé tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wá ohun tó mọ́ jìnnà tó, kí wọ́n lè wọn ohun tó kéré.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sínú ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ ti ẹ̀rọ náà lófìfo, wọ́n á sì máa ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n á wá yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí wọ́n bá kà lẹ́yìn náà. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àbùkù ẹ̀rọ ni wọn ó máa kà sí ọrùn ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Àwa ńkọ́? Mélòó nínú ohun tí à ń rí lára arákùnrin wa ló jẹ́ ìlara tiwa, tàbí ìbínú àná tí kò tíì kúrò nínú wa?

Ẹ̀kọ́ kejì: ní ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Lloyd Currie, kọ ìwé lórí ibi tí agbára òṣùwọ̀n mọ. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan kan, kò yẹ kí á kọ òdo sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí á kọ ni pé, "bí ó bá wà, kò tó báyìí." Ẹni tó yẹ ara rẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú kan kí oorun tó gbé e lọ, tó ní òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni kò mú dáadáa.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló wúwo jù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ní Tokaimura ní ilẹ̀ Japan, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń po uranium. Dípò kí wọ́n gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, wọ́n fi korobá dà á sínú àgbá títí ó fi kọjá ìwọ̀n. Àbùjá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti di àṣà níbẹ̀. Ìtànṣán bú jáde, ó sì tó nǹkan bí ogún wákàtí kí wọ́n tó rí i dá dúró. Òṣìṣẹ́ méjì kú. Ìtànṣán náà la ògiri kọjá wọ ilé àwọn aládùúgbò, kò lóòórùn, kò sì ṣe é fojú rí. Ṣùgbọ́n ó yí ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù inú ṣíbí tó wà nílé ìdáná wọn padà. Àwọn onímọ̀ gba irú ṣíbí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ṣíbí sì jẹ́rìí. Súrà Zalzalah yìí kan náà ló sọ fún wa pé ilẹ̀ yóò ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ṣíbí bá lè jẹ́rìí fún ọmọ ènìyàn lásán, ta ni yóò ní ohun tí òun ṣe ní kọ̀rọ̀ kò ní ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ẹnìkan lè wí pé: "Ààfáà, bí a bá ń wọn ara wa báyìí, ṣé royíroyí kò ní í bá wa?" Rárá. Àwọn tó ń ka ìtànṣán yìí kò sá fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn kò sì sá fún ara wọn. Mímọ iye nǹkan yàtọ̀ sí bíbẹ̀rù rẹ̀. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí á mọ èyí tó léwu yàtọ̀ sí èyí tí kò léwu. Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ rere náà wà lórí òṣùwọ̀n yẹn. Ẹ̀gún tí o mú kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀rín tí o rín sí aláìsàn, kò sí èyí tí yóò sọnù. Ẹni tó bá ń wọn àìdáa nìkan, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé. Àánú Ọlọ́hun sì gbòòrò ju ẹ̀ṣẹ̀ wa lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé: "Ó dára, ẹ jẹ́ kí á fi wọn gbogbo ènìyàn, kí ẹgbẹ́ wa lè mọ́." Ibí yìí ni ewu wà. Súrà Hujuraat kọ àbá dídá burúkú àti títọpinpin àṣírí ọmọnìkejì fún wa. Owó ẹgbẹ́ kò sí nínú èyí o: akápò gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ ní gbangba, nítorí àmánà ni, kì í ṣe àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí arákùnrin wa ṣe nínú yàrá rẹ̀, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, a kò rán wa láti gbẹ́ ilẹ̀ wá a.

Ẹ rántí kóńgò inú ọjà. Gbogbo wa la mọ oníṣòwò tó ń fi kóńgò tó gún régé ra gààrí, tó wá ń fi èyí tó ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú tà á. Súrà Mutaffifiin wá nítorí irú wọn: bí wọ́n bá ń gbà, wọ́n fẹ́ kó kún, bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọ́n á dín in kù. Lójú tèmi, àwa tí à ń fi òṣùwọ̀n ọmọ iná-igún wọn ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, tí à ń fi "kò tó nǹkan" wọn tiwa, oníkóńgò méjì ni wá, bí a kò tilẹ̀ ta gààrí rí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa ni pé ohun tí a kò rí lè wà, ara wa sì ni kí á fi òṣùwọ̀n tó mú jùlọ wọ̀n. Fún ẹlòmíràn, àwíjàre rere ló tọ́. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìrun Iṣáí, ẹ pa rédíò, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ariwo dínkù. Ẹ ṣe ìṣirò ara yín, èyí tí àwọn ààfáà ń pè ní muhaasaba. Bí ṣéńjì ẹnìkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà lọ́la. Bí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan láìdáa, ẹ wá bí ẹ ó ṣe tún un ṣe.

Kí Ọlọ́hun fi àìpé wa hàn wá kí ọjọ́ ìṣirò tó dé, kí Ó bo àṣírí wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìwọ̀n iṣẹ́ rere wa tẹ̀wọ̀n. Àmín. Wassalaamu alaekum.