Ta Ni Ọmọ Wa Ń Ka Ìwé Fún?

Ẹ̀yin ìyá wa àti arábìnrin wa nínú Kristi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà nínú ilé Mẹ́tọ́díìsì tí a kì í ti í sùn láìgbàdúrà. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ Sáàmù tí ó fẹ́ gbọ́. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yóò jókòó ti àtùpà, tí yóò ka Bíbélì Yorùbá sókè. Bí ó bá ṣì í kà, ìyá àgbà tí kò mọ lẹ́tà kan ni yóò tọ́ ọ sọ́nà, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni olùkọ́, ta sì ni akẹ́kọ̀ọ́?

Láti ìgbà tí Thomas Birch Freeman ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù September ọdún 1842 ni ìwé kíkà àti ìgbàgbọ́ ti jọ ń rìn láàrin wa. Kódà kí ó tó dé ilẹ̀ wa, inú ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, bí ọmọ 19, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí John ní ọdún 1732, ó ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ti pé ọdún 5 ni òun ń kọ́ ọ ní ìwé, orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì ni òun sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ ki iṣẹ́ bọ ọmọbìnrin lọ́wọ́ títí yóò fi mọ̀wé kà dáadáa. Ó tún ya àkókò sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John.

Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Magboro ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni ó kó wá láti Èkó nítorí owó ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn; nígbà tí a bá fi padà dé, ọmọ ti sùn. Bẹ́ẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ náà ni a ń sáré sí. Ìyá tí ó sanwó kí ẹlòmíràn kọ́ ọmọ rẹ̀, ṣé ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán?

Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìfẹ́ náà ni làálàá yìí. Òótọ́ ni, a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru ìyá tí ó ti rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní àdúrà alẹ́ ayé àtijọ́ le jù, pé pàṣán wà nínú rẹ̀, ó sì lé àwọn kan kúrò nínú ìjọ. Èyí náà kì í ṣe irọ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí owó kò lè rà. Ní ilé-ìwé, ọmọ ń kàwé kí òun lè yege. Ní ilé, ó ń kàwé fún ẹlòmíràn: fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tàbí ẹni tí a kò rán lọ sí ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni ó ti ń mọ̀ pé ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ sin ènìyàn ni ìmọ̀, kì í ṣe ohun ìgbéraga. Ọmọ tí ó gba ipò kìíní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè ka Sáàmù kan fún ìyá àgbà rẹ̀ ní èdè tí ìyá náà gbọ́, ó mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì délé.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa tí a ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sáàmù kúkúrú kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Kí ọmọ kà á, kí àgbà gbọ́. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, kí a má fi í rẹ́rìn-ín. Kí a pè é fún un ní pẹ̀lẹ́. Bí kò bá sí ìyá àgbà nílé, ti aládùúgbò wà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ojú tiwa náà yóò di bàìbàì. Ẹni tí a bá kọ́ lónìí ni yóò kàwé fún wa lọ́jọ́ náà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.