Ọmọ Tí A Ń Retí, Ọmọ Tó Dé

Ní ọjà Mont-Bouët, ní Libreville, níbi tí àwọn Yorùbá Nàìjíríà àti ti Benin ti ń tajà, ariwo kì í rọlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ọmọ ọdún 4 bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí níbẹ̀, tó ń ké, tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, tí kò kí ẹnikẹ́ni, kíá la ó ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ẹlòmíràn á ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. Dókítà lè pè é ní ọ́tísìmù, kí ìyá sì máa ronú ohun tí òun ṣe. Nínú gbogbo èyí, a kì í bi ẹni tó ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wà, nítorí ọmọ tó ní ọ́tísìmù máa ń dàgbà, ọ́tísìmù rẹ̀ á sì bá a dàgbà. Temple Grandin, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1947, ti lé lọ́mọ ọdún 3 kó tó fọhùn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ó ṣàlàyé pé ní kékeré, ó wu òun kí wọ́n gbá òun mọ́ra, àmọ́ bí ènìyàn bá ti dì mọ́ òun, ṣe ló máa ń bo òun mọ́lẹ̀ bí ìgbì omi, òun á sì já ara òun gbà. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há màlúù mọ́ láti gún un lábẹ́rẹ́ lóko àǹtí rẹ̀ ní Arizona. Ó ṣàkíyèsí pé ara àwọn màlúù kan máa ń balẹ̀ bí ẹ̀rọ náà bá ti fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì fi ìdarí rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀: òun ló ń pinnu bí yóò ṣe fún òun tó, àti ìgbà tí yóò tú òun sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń tì í dànù dúró níbí díẹ̀. Ọmọ tó ń sá fún apá wa lè máa wá apá náà. Ẹni tó gbé inú irú ara bẹ́ẹ̀ ló lè sọ ìyẹn fún wa.

Ní 1993, Jim Sinclair, tóun náà ní ọ́tísìmù, tí kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún 12, bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Toronto. Ó ní ọmọ tí wọ́n ń retí tí kò dé ni wọ́n ń sunkún, ọmọ tó dé sì ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí le, ó sì yẹ kó tètè yé àwa tí a gbà pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Ìyá kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ń yan orí. Síbẹ̀ a máa ń gbé ìtumọ̀ kalẹ̀ de ọmọ kó tó dáyé: yóò jogún ṣọ́ọ̀bù, yóò mọ àgbà kí, yóò sin wá. Bí kò bá bá a mu, a ó ní ayé rẹ̀ ti bàjẹ́.

Àwọn òbí kan á ní ẹni tó lè dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ kò jọ ọmọ tàwọn, tí kò tíì lè wí pé ebi ń pa òun. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àárẹ̀ irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, àgbàlagbà kan kò sì lè gbẹnu sọ fún gbogbo ọmọ. Àmọ́ ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, bó bá tilẹ̀ le lára ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ.

Ẹni tó gbọ́ Faransé ní Libreville lè ka Josef Schovanec, amòye ọmọ ilẹ̀ Faransé tóun náà ní ọ́tísìmù, tó kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 2012. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó bi lè má jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹbí wa, bàbá kan lè wà tí kì í lọ síbi ìnáwó, tí oúnjẹ rẹ̀ kì í yí padà, tó ń tú rédíò tó sì ń tò ó padà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fún ìwà rẹ̀ lórúkọ rí. Kí òbí jókòó tì í, kó bi í nípa aṣọ tó máa ń gún un lára nígbà tó wà ní kékeré, bí ìkíni ṣe máa ń rí lọ́kàn rẹ̀, àti ohun tí ì bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣe. Kó má sì kánjú gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀.