Ṣé eré lásán ni àwòrán yíyà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń ya àwòrán, a máa ń bínú. A ní: "Ṣé ìyẹn ni yóò bọ́ ẹ?" Ẹ̀rù wa kì í ṣe asán: owó ilé-ìwé wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Kétu, gbogbo wa là ń yọ̀. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde fún gbogbo ayé pé ìṣúra ńlá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ta ló gbẹ́ igi rẹ̀? Ta ló kùn ún? Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣé ó tọ́ ká máa yin iṣẹ́, ká sì máa bú ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ?

Aránṣọ ń fa ìlà kó tó gé aṣọ. Kápẹ́ńtà ń wọn pákó kó tó rẹ́ ẹ. Àwòrán àti ìṣirò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Àwọn àgbà ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí kò mọ iyì ère baba rẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni yóò tà á fún àlejò. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń kọ́ni ní àwòrán, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ ọ.