Ìwúre fún Àbúrò Mi tí Yóò Lo Methotrexate

Mo júbà Olódùmarè, ọba tí ó fi awọ bo ẹran ara. Mo júbà ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Mo júbà àwọn tí ó la ọ̀nà tí oògùn yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbà Lucy Wills, obìnrin oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lọ sí Bombay ní 1928, tí ó ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbẹ lára àwọn aboyún tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ, tí ìwádìí rẹ̀ sì ṣí ojú ayé sí èròjà tí a wá ń pè ní folic acid. Ìbà Yellapragada Subbarow, ọmọ Íńdíà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lederle fi ọwọ́ ènìyàn ṣe folic acid náà, tí wọ́n sì tún ṣe àwọn oògùn tí ń dí i lọ́wọ́. Ìbà Sidney Farber ní Boston, tí ó kéde ní 1948 pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dẹwọ́ lára àwọn ọmọdé. Ìbà Gubner, tí ó rí i ní 1951 pé awọ àwọn tí ó ní psoriasis ń dán nígbà tí wọ́n lo aminopterin, ẹ̀gbọ́n methotrexate. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò ní já sí asán lára rẹ, àbúrò mi. Àṣẹ.

Mo mọ ohun tí ojú rẹ ti rí lọ́wọ́ psoriasis, àrùn awọ yìí. Mo mọ àwọn tí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí o na tìrẹ. Mo mọ onídìrí tí ó rí ìpẹ́ funfun lórí rẹ, tí ó ní irun kò sí lónìí. Wọ́n pè é ní làpálàpá, wọ́n ta ìpara fún ọ. Wọ́n pè é ní ẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ìyẹn kò sì tó wọn, wọ́n ní aráyé ló ń bá ọ jà. Àwọn ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà fi kẹ́kọ̀ọ́ ń sọ pé pupa ni psoriasis máa ń rí, bẹ́ẹ̀ lára adúláwọ̀ ó lè dúdú, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, kí ojú tí kò mọ̀ ọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Àrùn tí kì í ràn ni. Ní 2014, àpérò àjọ ìlera àgbáyé gbà á ní àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ń fìyà jẹ ènìyàn, tí kò sì tíì ní ìwòsàn pátápátá. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí dókítà kan wò ọ́ dáadáa níkẹyìn, tí ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí oògùn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Awọ ara máa ń gba nǹkan bí oṣù kan kí ó tó pààrọ̀ ara rẹ̀. Lójú ibi tí psoriasis wà, ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ìpẹ́ fi ń gorí ìpẹ́. Methotrexate ń dí folic acid tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń pọ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì ń pàrọwà fún àwọn ọmọ ogun ara tí inú wọn ń ru láìnídìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ nìkan ni ó ń yára dàgbà nínú ara. Inú ẹnu wà níbẹ̀, ìfun wà níbẹ̀, irun wà níbẹ̀, mùdùnmúdùn eegun tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdẹ tí a gbà láti ṣọ́ àdúgbò lè na ọmọ onílé bí òkùnkùn bá ṣú. Mo wúre pé kí oògùn yìí dá ọmọ onílé mọ̀ lára rẹ. Kí ó mú èyí tí a rán an sí, kí ó fi ẹnu rẹ sílẹ̀, kí ó fi ìfun rẹ sílẹ̀, kí ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ sílẹ̀. Àṣẹ.

Ìrántí ni mo kọ́kọ́ ń bẹ Elédùmarè fún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lo oògùn yìí fún psoriasis. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ní ọjọ́ kan náà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ènìyàn ti kú rí nítorí pé wọ́n ṣì í kọ sí ìwé pé kí ó máa lò ó lójoojúmọ́, tàbí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ rò pé oògùn tí a kò lò lójoojúmọ́ kò lè ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tí yóò kọ tìrẹ kò ní ṣì í kọ. Ojú tí yóò kà á ní kẹ́mísìtì kò ní ṣì í kà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yan alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí àárẹ̀ tí ó ń tẹ̀lé e lè bọ́ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí kò sí iṣẹ́. Bí ìwọ náà bá yan Ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí oògùn náà, kí ẹnìkan nínú ilé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú rẹ. Hóró kékeré ni, 2.5 miligíráàmù, oríṣi kan tún wà tí ó jẹ́ 10 miligíráàmù, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan dípò èkejì fún ọ. Bí dókítà bá ní 15, mẹ́fà nínú ti 2.5 ni. Kà á níbi tí iná wà. Bí o bá gbàgbé, kí o má fi ìlọ́po méjì san án padà. Pe dókítà rẹ.

Folic acid náà yóò wà nílé. Dókítà kan lè ní kí o lo 5 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ti methotrexate, òmíràn lè ní kí o lo 1 miligíráàmù lójoojúmọ́. Èyí tí tìrẹ bá sọ ni kí o tẹ̀lé. Ó ń dín èébì kù, ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn méjèèjì lè jẹ́ hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Mo bẹ̀ ọ́, má kó wọn sínú ike kan náà. Èyí tí ó yẹ ní ojoojúmọ́ kò ní bọ́ sí ipò èyí tí ó yẹ ní ọ̀sẹ̀, lágbára Elédùmarè.

Kí oúnjẹ dúró nínú rẹ. Kí èébì má bá ọ jí. Jẹun kí o tó lò ó, lò ó nígbà tí o bá fẹ́ sùn, kí oorun gbé ọ kọjá ibi tí inú ti ń rìn ni. Bí ẹnu rẹ bá kọ iyán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ̀kọ gbígbóná bá ọ lára mu. Bí egbò bá yọ nínú ẹnu, kí ata rodo sinmi díẹ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ, kí ẹ̀gàn má sì bá ọ nídìí àwo. Bí inú rírìn náà kò bá lọ, dókítà lè pín in sí méjì láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè yí folic acid padà, ó lè sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ. Òun ni yóò ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Kí sùúrù má sì tán ọ lọ́wọ́, nítorí ó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí awọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan á sọ pé ìwúre kì í dárúkọ ibi. Lónìí mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀ lè wọlé kí ó jókòó kí a tó mọ̀ pé àlejò dé. Ọ̀nà ọ̀fun tí ó ń dunni pẹ̀lú ibà. Egbò ẹnu tí ó ń gbilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde ní erìgì. Ojú ibi tí ó dúdú lára rẹ láìjẹ́ pé nǹkan gbá ọ. Ikọ́ gbígbẹ tí mímí sì nira. Ẹyinjú tí ó di àwọ̀ ìyeyè. Ìtọ̀ tí ó ṣókùnkùn. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró lára, tí kíndìnrín kò sì rí omi fi lé oògùn jáde. Ọ̀kankan wọn kò ní kan ọ́. Bí ọ̀kan bá kan ilẹ̀kùn, kí o gbọ́ ọ kíákíá, kí o má lo ti ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹsẹ̀ rẹ dé ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí o bá dókítà nídìí iṣẹ́, kí iná mànàmáná wà ní yàrá àyẹ̀wò. Àṣẹ.

Ohun tí mo fẹ́ fún ọ jù nìyí: kí ẹnu rẹ má dákẹ́. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé bí a bá béèrè àlàáfíà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, kí o máa sọ ọ́ fún ará àdúgbò àti fún ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n níwájú dókítà, kí Ọlọ́run tú ahọ́n rẹ. Sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Sọ pé irun ń já. Sọ pé o lo àgbo, bí o bá lo àgbo. Sọ pé o mu ọtí, bí o bá mu ún. Dókítà tí yóò kígbe mọ́ ọ kò ní jẹ́ tìrẹ. Nọ́ọ̀sì tí yóò ní o ń ṣàṣejù kò ní wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ rẹ.

Kí o má fi ara gbígbóná sáré lọ ra oògùn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ibà ẹ̀fọn ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí, àwọn tí ń ta oògùn á sì nawọ́ sí Fansidar láìbéèrè ohunkóhun. Septrin náà kò ṣòro rà, àti fún ìgbẹ́ gbuuru àti fún ikọ́. Àwọn méjèèjì ń bá folic acid jà gẹ́gẹ́ bí methotrexate ti ń bá a jà; bí wọ́n bá pàdé lára ẹnìkan, mùdùnmúdùn eegun lè gbẹ. Ibuprofen àti diclofenac, béèrè kí o tó fi ọwọ́ kàn wọ́n. Elédùmarè, jẹ́ kí àbúrò mi máa dárúkọ methotrexate níwájú gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fún un ní oògùn. Jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ irú ibà tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ̀dọ̀ rẹ pẹ́ fún ọ. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò ní wọ inú rẹ. Níbi òde, kí ọ̀rẹ́ má fi ipá fún ọ ní ìgò.

Owó àyẹ̀wò kò ní wọ́n ọ. Mo mọ̀ pé oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbówó lórí bí àyẹ̀wò tí ń tẹ̀lé e: iye ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù méjì mẹ́ta síra wọn. Kí o má tìtorí owó fò ó. Èmi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa Èkó náà wà níbẹ̀. A ó dá a jọ. Àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B tí wọn ó ṣe kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ pé kò sí. Àbúrò wa tí ó wà ní London tí òun náà ń lo methotrexate, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nítorí ìrìn àjò ilé, torí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè. Kí gbogbo wa pàdé láyọ̀.

Níkẹyìn, ọmọ. Ìgbéyàwó rẹ ti ń sún mọ́lé, mo sì mọ àdúrà tí ìyá ọkọ rẹ ń gbà. Methotrexate àti oyún kì í gbé inú ara kan: ó ń ba oyún jẹ́, ó ń ṣe ọmọ inú níbi. Nítorí náà, oyún kò ní bá ọ lójijì. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ jókòó pẹ̀lú dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ yan ìfètòsọ́mọbíbí tí ó bá yín lára mu. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bímọ, ẹ sọ fún un ṣáájú, kí ó dá oògùn dúró, kí ó ka oṣù fún yín, kí ó fi òmíràn tí kò ní pa ọmọ lára rọ́pò rẹ̀. Dídúró ni, kì í ṣe ìdènà. Ọkọ rẹ yóò ní sùúrù, ìyá rẹ̀ kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè tí ń dun ọkàn. Oyún tí ó dáa yóò sì dé ní àsìkò rẹ̀, yóò dúró, yóò dàgbà. O ó fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kí o má fi ọwọ́ kàn án nítorí awọ rẹ. Ní ọjọ́ kẹjọ a ó pé jọ, a ó sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni n ó sì ṣe ọbẹ̀. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.