Alárinà Létí Adágún

Ẹsẹ Bíbélì: Jòhánù 5:1–14

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, Ọlọ́run tó kó wa dé London láyọ̀ kò ní jẹ́ ká ṣòfò síbẹ̀.

Ọkùnrin tí a kà nípa rẹ̀ yìí ti wà lórí àìsàn fún ọdún 38. Ẹ kíyè sí ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Kò dùbúlẹ̀ sínú igbó, kò sì dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Létí adágún Bẹ́tẹ́sídà ni, ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí gbogbo aláìsàn ìlú ń wọ́ lọ. Ibi ìwòsàn gan-an ló sùn sí, tí kò sì rí ìwòsàn. Nígbà tí Jésù bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun dá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò dárúkọ ẹsẹ̀, kò dárúkọ ẹ̀yìn. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ò lẹ́nì kan tí yóò bá òun débi omi. Ara ni wọ́n bi í, ènìyàn ló fi fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Ìyá kan wà nínú ìjọ yìí. Mo ti gbàṣẹ lẹ́nu wọn, n kò sì ní dárúkọ wọn. Láàárín oṣù kẹwàá sí Kérésìmesì ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀meje ni Mama pe áńbúláǹsì ní 999. Lóru Sátidé kan, ọmọ-ọmọ wọn tẹ̀ mí láago, mo sì bá wọn ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, A&E. Aago méjì òru ti lù. Mama jókòó sórí àga oníke, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì lé ìró, wọ́n gbé àpò ọ̀rá tí oògùn kún inú rẹ̀ lé orókun. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Mama ní, "Àyà mi ń já."

Ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ wọn sí, òun ló sì ń túmọ̀. Ó gbọ́ "àyà," ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé àyà ló ń yọ Mama lẹ́nu. Kíá, wọ́n ti lẹ okùn mọ́ Mama láyà, ẹ̀rọ ti ń fa ìlà sórí bébà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, dókítà ní ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé àyà tó ń já yàtọ̀ sí àyà tó ń dunni. Ẹ̀rù ni Mama ń sọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wá ẹ̀rù, ẹ̀rọ ò rí i. N kò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi o. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló tọ́jú.

Nígbà tí mo ń wa Mama lọ sílé, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ wò ó, wọ́n kí mi níbẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé òtútù ò mú mi. Nínú ilé mi, láti ọjọ́rú ni n kò ti gbọ́ ohùn èèyàn." Ọ̀rọ̀ yìí gún mi, nítorí pé ní ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú, Mama wà lórí ìjókòó kẹta níhìn-ín. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo ní, "Mama, ẹ mà ń dán o!" Mo sì kọjá lọ kí ẹlòmíì.

Mama nìkan kọ́ o. Ní ọdún 2021, British Red Cross gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń lọ sí A&E lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan ní England. Wọn ò pé 1% àwọn ará ìlú. Síbẹ̀, nínú 100 ìgbà tí èèyàn bá wọ A&E, tiwọn jẹ́ 16. Nínú 100 ìgbà tí áńbúláǹsì bá gbé èèyàn, tiwọn jẹ́ 29. Àdúgbò tí òṣì ti jókòó sí ni wọ́n ti pọ̀ jù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ ò dúró sójú kan, ẹni tó dá wà, wọ́n kún ibẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú ìjọ yìí, ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn kọ́tìnì: "Ó ti tún dé o." Ọkùnrin tó ṣàìsàn fún ọdún 38 náà ti gbọ́ ọ rí, ó dá mi lójú.

Ìjọba ilẹ̀ yìí ti rí nǹkan kan níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, NHS, àjọ ìlera ìjọba, kéde pé àwọn yóò gba àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,000 tí wọ́n ń pè ní link worker láti máa bá àwọn GP, ìyẹn àwọn dókítà àdúgbò, ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá rí i pé ohun tó ń da aláìsàn láàmú kọjá ohun tí oògùn lè wò, yóò fi í ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ náà yóò jókòó tì í. Kó tó béèrè ohun tó ń ṣe é, yóò béèrè ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Lẹ́yìn náà ni yóò mú un mọ àwọn tó lè bá a gbé e: ẹgbẹ́ akọrin, ọgbà tí wọ́n ti jọ ń gbin ẹ̀fọ́, àwọn tó mọ̀ nípa gbèsè, àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ilé. Mo wá orúkọ tí màá pè é lédè wa, n kò wá a jìnnà. Alárinà ni.

Ẹ̀yin àgbà mọ iṣẹ́ alárinà láyé àtijọ́. Òun kọ́ ni ọkọ, òun kọ́ ni ìyàwó. Ó kàn mọ ilé ọ̀tún, ó mọ ilé òsì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ojú méjèèjì yóò fi mọra. Àwọn bàbá wa sì ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ alárinà yìí. Ní ìlú Blackpool, ní England, obìnrin kan tó ti bá áńbúláǹsì ṣiṣẹ́ rí, Rhian Monteith, mú orúkọ àwọn tó ń pe 999 léraléra, ó sì tẹ̀ wọ́n láago fúnra rẹ̀. Kò ka òfin sí wọn létí. Ó béèrè bí ayé ṣe ń lọ fún wọn. Ní Frome, ìlú kékeré kan ní Somerset, Dókítà Helen Kingston àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2013. Wọ́n kọ gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílùú sílẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ ò bá sí, wọ́n ran ará ìlú lọ́wọ́ láti dá a. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, iye àwọn tí ilé ìwòsàn ń dá dúró ní pàjáwìrì ti fi nǹkan bí 14% dínkù ní Frome. Ní Somerset lápapọ̀, ó fi ohun tó lé ní 28% gòkè ni.

Ṣùgbọ́n orí pẹpẹ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, Dókítà Jeffrey Brenner dá irú ètò yìí sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé aláìsàn délé, òkìkí wọn sì kàn káàkiri. Nígbà tó yá, wọ́n dán an wò. Wọ́n mú 800 aláìsàn, wọ́n fi bí ẹní ṣẹ́ kèké pín wọn sọ́nà méjì. Èsì jáde ní ọdún 2020. Láàárín 180 ọjọ́, 62.3% nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé ló padà sí ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tí wọn ò tẹ̀ lé, 61.7% ni. Kò sí ìyàtọ̀.

Kí la fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Àkọ́kọ́, ìgbà tí ìyà bá ga jù là ń ka èèyàn mọ́ àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn léraléra. Àwọn kan yóò fúyẹ́ lẹ́yìn náà, yálà a dé ọ̀dọ̀ wọn tàbí a ò dé. Ká má fi iṣẹ́ tí a ò ṣe yangàn. Ìkejì ló kàn wá jù. Alárinà lè mú èèyàn dé ẹnu ọ̀nà, bí kò bá sẹ́nì kan nínú ilé, ńkọ́? Tí alárinà bá kan ilẹ̀kùn ìjọ wa, ta ni yóò ṣí i? Ẹni tó máa ní "Mama, ẹ mà ń dán" ni àbí ẹni tó máa jókòó?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ká ṣe. Ẹni tó ń dá gbé, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Kó má tijú. Ẹni tó bá lè pe èèyàn kan péré ní gbogbo ọjọ́rú, kó mú orúkọ kan. Kó kí wọn kú ilé, kó béèrè ohun tí wọ́n jẹ, kó sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní council, ẹ bá wa jókòó ti àwọn tí fọ́ọ̀mù ń dà láàmú, nítorí pé kíkí nìkan kì í mú ọ̀rinrin kúrò lára ògiri. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń túmọ̀ fún ìyá àgbà, ẹ má kánjú. Tí wọ́n bá ní àyà wọn ń já, ẹ bi wọ́n pé, "Mama, ṣé ó ń dùn yín ni, àbí ẹ̀rù ń bà yín?" Ẹ sọ méjèèjì fún dókítà. Ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ GP yín bóyá wọ́n ní link worker.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí kò lè mí dáadáa, tí apá rẹ̀ kan rọ lójijì, 999 ni kó pè, kì í ṣe pásítọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìwàásù yìí dá aláìsàn dúró sílé.

Mo ń parí lọ. Ẹ padà wo ẹsẹ 13 àti 14. Jésù kò gbé ọkùnrin náà sínú omi. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹni tí ọkùnrin náà ò ní. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mú ilẹ̀ tán, Jésù yẹ̀ba sínú èrò. Alárinà yẹ̀ba. Ibo ni Jésù ti wá tún rí i? Kò rí i létí adágún mọ́. Inú tẹ́ḿpìlì ló ti rí i, láàárín ìjọ.

Ìjókòó kẹta nìyẹn. Mama wà níbẹ̀ lónìí. Tí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kó sì kọjá lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n.

Olúwa, la ojú wa sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.