Orúkọ Ta Ni A Fi Dógò?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba ọlọ́rọ̀ tí kì í ṣe aláìní. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àáyá tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì kò sọ̀rọ̀ nípa ìrun tàbí ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó sọ: àáyá 282 nínú Súrà Bàkárà. Ó ní kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a dá ọjọ́ rẹ̀, kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Àáyá 280 ti pàṣẹ ṣáájú pé kí a fún onígbèsè tí kò rí i san ní àsìkò. Ọlọ́hun kò ka gbèsè léèwọ̀. Èlé orí rẹ̀ ni Ó kà léèwọ̀, kò sì fẹ́ kí a jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn.

Inú òkùnkùn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹ ẹ́ ní Mọ́kọ́lá wa yìí. Owó ilé-ìwé ọmọ dé, owó ilé tẹ̀ lé e. Baálé ilé mú fóònù ní òru, áàpù kan sì yá a lówó èlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó kò gbọ́. Áàpù ní kí ó jẹ́ kí òun rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, ó gbà. Ọjọ́ pé, owó kò pé. Ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń tò sí sáfù kan náà, pé olè ni.

Ológo ni àwọn bàbá wa ń pe irú ẹni tí ń ṣe báyìí. Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921: olówó a rán an lọ dógò ti onígbèsè, a wọlé jókòó, a máa halẹ̀, a sì máa mú adìẹ ilé jẹ. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni ológo ìgbà náà ń jókòó sí.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní 2022, àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde lórí àwọn ayánilówó orí fóònù. Ní 2023, Google kà á léèwọ̀ fún áàpù wọn láti máa wo orúkọ inú fóònù ẹni. Ó dára. Síbẹ̀, àwa ni a ṣílẹ̀kùn. Nọ́ńbà tí àna fún wa, ohun tí ó fi sí ìkáwọ́ wa ni. A kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi dógò.

Ẹnìkan yóò ní, "Ọmọ ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tí yóò yá mi." Òótọ́ ni, ó sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sí ẹni tí ń yáni mọ́? Ará ẹni yáni láìgba èlé, ọdún méjì kọjá, a ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Áàpù bú wa ní ọjọ́ kan, a sáré san. Ẹni tí kò dójú tì wá ni a ń jẹ níyà.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú onígbèsè kan wá síwájú Ànábì, ó ní kí àwọn sàhábé kírun sí i lára, òun kò ní kí i. Abu Qatada ni ó dìde pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn, Ànábì sì kírun náà. Kò sí ẹni tí ó fi orúkọ Abu Qatada sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú un wá.

Nítorí náà, lónìí, kí tọkọtaya jókòó kọ gbogbo gbèsè ilé sílẹ̀, ti áàpù, ti alájẹṣẹ́kù, ti báńkì. Láti 2020 ni báńkì ti lè tọ gbèsè ẹni dé àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn nípa BVN. Owó ilé tí ìyàwó rò pé ó wà nípamọ́ lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì jẹ ará sáfù rẹ̀ ní gbèsè, kí ó dúró dè é lẹ́yìn ìrun yìí. Bí kò bá tíì ní i, kí ó sọ fún un, kí wọ́n jọ dá ọjọ́ mìíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.