Gbèsè Àjàlá ní Ojúde Aláró

Nínú ìtàn Ifá nípa yíyan orí, ohun kan wà tí àwa tí a ń sọ ọ́ máa ń yára fò kọjá: onígbèsè ni Àjàlá. Òun ló ń mọ orí lóde ọ̀run bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò, èyí tó jinná àti èyí tí iná kò ràn dénú. Ọjọ́ tí Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà dé ilé rẹ̀, orí àjà ló sá sí, olówó ló jókòó dè é nísàlẹ̀. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bá a yan orí tó jinná. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Orísẹ́ẹ̀kú àti Orílèémèrè, tó ṣáájú kò dúró de onílé. Èyí tó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí wọn sì ń bó.

Ìtàn yìí ló sọ sí mi lọ́kàn ní ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan ní Kọ́bapẹ́, lọ́nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣàgámù. Ìyá kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Oníbàárà kan mú aṣọ, ó ní, “Ṣé kò ní ṣí?” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ dáhùn: “Èyí máa ṣí díẹ̀ o, mà. A tètè yọ ọ́ nínú aró.” Mo wojú ìyá náà, mo rò pé yóò jágbe mọ́ ọmọ. Ó kàn ní kó lọ gbé èyí tó wà lókè wá.

Ẹ̀gbá mọ ohun tí ìdáhùn ọmọ yẹn tó. Láyé ìṣẹ́ owó àwọn ọdún 1930, owó kòkó já wálẹ̀, àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta sì jẹ ilé iṣẹ́ òyìnbó lówó aṣọ funfun tí wọ́n gbà láwìn. Ọ̀pọ̀ wọn fi èlú àti omi eérú sílẹ̀, wọ́n mú sóódà àti aró òyìnbó tó ń yá. Àwọn oníbàárà tó ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Góòlù Kóòsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ kò tọ́jọ́ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sóódà àti aró náà, àwọn aláró kọ̀, wọ́n gba lọ́yà. Ní 1936, ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Judith Byfield ti kọ ìwé odidi kan lórí ọ̀rọ̀ náà, The Bluest Hands.

Àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló kó bá àwọn ìyá wa. Èmi kò gbà. Ẹni tí olówó jókòó dè lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà wo ni yóò ráyè dúró kí iná ràn dénú ìkòkò? Ifá kò sì bú Àjàlá. Ẹni tí kò dúró ló jìyà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn Afùwàpẹ́ ni ti oníbodè tó bá pàdé lọ́nà ilé Àjàlá. Eérú ló ń dà sọ́bẹ̀ rẹ̀ bí iyọ̀. (Aláró á rẹ́rìn-ín: ìkòkò aró ni eérú wà fún.) Afùwàpẹ́ kò fi í ṣẹ̀sín, ó bu iyọ̀ sí i nínú èyí tí awo tó dá Ifá fún un ní kó mú dání. Oníbodè tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì dìde, ó mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá lónìí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé oníbàárà jókòó, tí ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì ń jẹ eérú. Ẹ wá ń retí kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́ fún oníbàárà yín?

Mo bi ìyá Kọ́bapẹ́ léèrè bó ṣe ń ṣe é tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń sọ òótọ́. Ó ní bó bá di Sátidé, òun ń san owó wọn kí òun tó ka ti òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àdìrẹ ńkọ́? Ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ sì dúró kí aró mu.